Apá Ọmọ Ọlọ́mọ

Òkè-Ìmẹ̀sí,
Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù kìíní, 1964.

Nímọ́tà ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí Ìdírísù ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Kùmásí. Báwo ni ọyẹ́ ọ̀dọ̀ yín? Tiwa níbí ti bó wa létè tán. Ààwẹ̀ ti wọlé, mo sì ń gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òùngbẹ ọ̀sán kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàlagbà. Ìyá rẹ ní ṣálì tí o fi ránṣẹ́ dé, ó sì wù ú. Inú ilé ló ń wọ̀ ọ́ káàkiri, nítorí kò sí ibi tí yóò wọ̀ ọ́ lọ.

Ìdí tí kò fi sí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ilẹ̀ gbóná níbí. O mọ ohun tí mò ń wí; inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà, n kò ní pè é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agboolé méjì ló kọ́kọ́ wọ̀, kí a tó mọ̀, ó ti di mẹ́fà. Kánsù bá ti ìlú. Wọ́n fi ọparun dábùú ọ̀nà Ìdó-Ilé àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, wọ́n fi ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ṣọ́ ọ. Ọjà kò gbọdọ̀ ná. A kò gbọdọ̀ kí ìrun Jímọ̀, àwọn onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ṣe ìsìn. Ẹni tó bá fẹ́ jáde yóò fi ìwé bùpá hàn, ṣùgbọ́n bó bá ti jáde, kò tún lè wọlé mọ́ títí ìlú yóò fi ṣí. Ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró sí ẹ̀yìn ọparun, wọ́n á ju àpò lẹ́tà sílẹ̀, wọ́n á gba tiwa, wọ́n á yí padà. Obì mi ń gbẹ nínú apẹ̀rẹ̀.

Wolé-wolé kan wà tó ń jẹ́ Ọlátúndé. Òun ló ń ti ojúlé dé ojúlé bu àwọn èèyàn lápá pẹ̀lú abẹ́rẹ́, kí ó má baà mú wọn. Ó ti bù mí, ó ti bu ìyá rẹ. Apá ìyá rẹ wú bíi búrẹ́dì, láti àná ló sì ti ń bú ìjọba.

Ó ku Amudalat. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ rẹ ni, ọmọ-ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n ọmọ ará ilé ọkọ rẹ ní Ìjerò ni. O rántí ọdún tí ẹ gbé e wá fún wa tọ́, tí gìrì mú un, tí ìyá rẹ sín in ní gbẹ́rẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Bẹ̀llò ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìjerò wá, ó dúró ní àgbàlá mi, ó ń pariwo pé ta ló fún wa láṣẹ láti fi abẹ kan ara ọmọ àwọn. Èmi tí mo fún wọn ní ìyàwó, èmi náà ni mo tún di obì lọ bẹ̀ wọ́n. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí wọn níjọ́ náà pé abẹ kankan kò ní kan ọmọ yẹn mọ́, àfi tí ó bá ti ẹnu wọn jáde. Ẹyin lohùn. Èyí tí mo ti sọ, n kò lè kó o jẹ.

Nítorí náà, kí ọkọ rẹ kọ̀wé sí mi kíákíá pé kí a bù ú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Wolé-wolé ní òun ń padà bọ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀. Amudalat ń kí ọ. Ó ní kí o ra bàtà tó ń dún fún òun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hàrúnà.


Kùmásí,
17 oṣù kejì, 1964.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyá mi. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìtúnu ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà yín ti pẹ́ lọ́nà kó tó dé, nígbà tó sì dé, Bàbá Amudalat ò sí nílé, wọ́n ti kó abọ́ lọ tà ní Támálè. Mo gbé lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí títí wọ́n fi dé, kò sì jẹ́ kí n sùn.

Bàbá, kí ló dé? Ṣọ̀pọ̀ná ni, ẹ jẹ́ kí n pè é, Kùmásí ni mo wà. Ṣọ̀pọ̀ná ń jà ní ìlú, wọ́n gbé oògùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ wá jókòó, ẹ ń kọ̀wé béèrè ẹnu! Nígbà tí ẹ fẹ́ sín gbẹ́rẹ́, ẹ kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Mo ka lẹ́tà náà sí Bàbá Amudalat létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní bùpá dára, àwọn kò sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àwọn wà láyé, àwọn kò sì lè ti Kùmásí lanu lórí ọmọ kí ẹ̀gbọ́n àwọn wà ní Ìjerò kó máa gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Wọ́n ní kí ẹ lọ bá Ẹ̀gbọ́n Bẹ̀llò. Mo ní ọ̀nà ti. Wọ́n ní Ìjerò kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi ẹkún gba ohun tí kì í ṣe ti àwọn láti fún mi.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó dùn mí láti kọ. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ dá ọmọ padà ni ẹ fi ń pariwo àrùn. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ kó wá bẹ̀rẹ̀ ilé-kéwú. Ẹ ní ẹ jẹ́ kí òjò dá. Òjò dá, ẹ ní ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Mo bínú sí wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá. Mo sì bínú sí ẹ̀yin náà, torí pé òótọ́ ni pé ẹ̀ ń fà á.

Wọ́n ti kọ̀wé sí Ìjerò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ síbẹ̀. Mo ti ra bàtà náà.

Ọmọ yín,
Nímọ́tà.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹta, 1964.

Nímọ́tà,

Àlékùn sàlámù. Mo dúpẹ́ pé àlàáfíà lẹ wà. Àwa náà ń mí. Ọdún ààwẹ̀ kọjá lórí wa bí ọjọ́ lásán. A kò lọ sí yídì, kálukú kírun ní yàrá rẹ̀. Ìyá rẹ se ìrẹsì bó ti máa ń ṣe é, ó gbàgbé pé kò sẹ́ni tí yóò wá jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ sọ, mo gbọ́. Bí mo bá fẹ́ jí ọmọ gbé, ṣé ìlú tí ilẹ̀ ti gbóná ni n ó gbé e pamọ́ sí? Pé à ń fà á, n kò jiyàn. Ilé tó ní ọmọdé nínú ò dà bí èyí tí kò ní. Bí o bá dàgbà tó wa, wàá mọ̀.

Ìjerò kò jìnnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹsẹ̀ kọjá ọparun yẹn, n kò ní lè padà, ìyá rẹ á wà níbí lóun nìkan pẹ̀lú ọmọ. Mo lọ dúró níbi ọparun lọ́nà Ìdó-Ilé, mo ń wo ọ̀nà, títí dẹ́rẹ́bà kan tí mo mọ̀, Bọ́lárìnwá, fi dé. Mo ké sí i pé kó bá mi sọ fún Bẹ̀llò ní Ìjerò pé mo fẹ́ rí i. Ó jíṣẹ́ náà, Ọlọ́run á san án fún un. Lọ́jọ́ tí Bẹ̀llò máa wá, ó ti gba lẹ́tà ọkọ rẹ. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi láwàní bo imú. Èmi wà lódì kejì. À ń pariwo síra wa bí àwọn tó ń lé ẹyẹ lóko.

Mo ní, "Bẹ̀llò, ẹ fún mi lẹ́nu kí n bu ọmọ yín."

Ó ní, "Bàbá, n ò lè dá a sọ. Àbúrò mi kọ̀wé sí mi, ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí ni. Ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó nígbà náà."

Ó ní, "Kánsù ní a ò gbọdọ̀ jókòó ní Ìjerò náà. Wọ́n ti mú àwọn tó ń ṣe ìkómọ ládùúgbò wa. Bí èèyàn bá ti pọ̀ díẹ̀ ní ojú kan, àkódà kánsù á dé."

Nímọ́tà, ẹ̀rín pa mí. N kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọparun náà rẹ́rìn-ín. Bẹ̀llò nìkan ni kò rín. Ó ní kí n mú sùúrù, pé bí ìlú bá ti ṣí, àwọn á pe ìpàdé, àwọn á sì fẹnu kò. Mo bi í pé bí ìlú bá ti ṣí, kí la tún fẹ́ fi bùpá ṣe.  Ó yí ojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó wá béèrè bóyá ọmọ ń jẹun dáadáa. Mo ní ó ń jẹun. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Wolé-wolé ti wá bó ṣe ṣèlérí, mo sì tún dá a padà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣiwèrè. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí òun yóò wá, pé oògùn ń tán lọ.

N kò fẹ́ sọ èyí fún ọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o gbọ́. Ó ti dé ilé Bọ́látitó, ògiri kan náà làwa àti òun jọ ń lò. Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí àgọ́ tí kánsù pa sẹ́yìn ìlú. Òun àti Amudalat ni wọ́n jọ máa ń ṣeré. Ìyá rẹ ti gbé Amudalat sí yàrá ẹ̀yìn, kò jẹ́ kó yọjú. "Ulẹ̀ gbóná, mọ́ jáde kúò ní ulé," ohun tó ń wí fún un láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà ti sọ ọ́ dorin, ó ń fi jó.

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Kí ọkọ rẹ tún kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Hàrúnà.


Kùmásí,
6 oṣù kẹrin, 1964.

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí, n kò lè dúró kí yín tó bó ti yẹ. Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Orí ìdúró ni mo ti kà á.

Ẹ bù ú. Èmi Nímọ́tà tí mo bí i ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo lóyún rẹ̀, èmi ni mo rọbí rẹ̀ nínú ilé tí n kò ti mọ ẹnì kankan, ní ìlú tí n kò gbọ́ èdè wọn. Bẹ̀llò kò sí níbẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ láìpè é ní ẹ̀gbọ́n, Bàbá, ẹ máa wò ó. Bẹ̀llò kò mọ ìgbà tí ọmọ yẹn hu ehín. Bí wọ́n bá ní kí n kó ẹrù mi nítorí èyí, n ó kó o.

Mi ò sọ fún Bàbá Amudalat pé mo kọ èyí. Wọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n wọn ló ń bà wọ́n, bí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ṣe ń ba ẹ̀yin náà. Gbogbo yín lẹ̀ ń bẹ̀rù ara yín, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ṣọ̀pọ̀ná.

Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ wá wolé-wolé lọ. Ẹ má dúró jẹun.

Nímọ́tà.


Kùmásí,
27 oṣù kẹrin, 1964.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Iléyá ti kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín. Mo ń lọ sí posófíìsì lójoojúmọ́ débi pé akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ti máa ń mi orí sí mi kí n tó débẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè dé láti Ìlá, mo bi í léèrè, ó ní wọ́n ò tíì ṣí Òkè-Ìmẹ̀sí, pé èèyàn ti kú níbẹ̀. Ó fẹ́ sọ iye wọn, mo ní kó dákẹ́.

Bàbá, ṣé ọmọ mi wà? Bí ẹ bá ń bínú nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ẹ máa bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé. Bó ṣe ọ̀rọ̀ méjì péré, ẹ kọ ọ́. Wọ́n pa àgbò, n kò lè fi ẹran kan ẹnu. Bàbá Amudalat pàápàá kò jẹ ẹ́. Wọ́n ń jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lánàá, wọ́n bi mí pé ṣé ó yẹ kí àwọn ti sọ pé kí ẹ bù ú. Mo gbé abọ́ oúnjẹ kúrò níwájú wọn.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa ronú.

Nímọ́tà.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
Ọjọ́ Jímọ̀, 8 oṣù karùn-ún, 1964.

Nímọ́tà ọmọ mi,

Amudalat wà láàyè, ara rẹ̀ sì dá. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí o lè jókòó.

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Òjò ti ń rọ̀, ilẹ̀ ti tutù, wọ́n yọ ọparun lọ́nà lọ́sẹ̀ tó lọ. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé pa pọ̀. Nígbà tó yá ni àwọn ọlọ́kọ̀ kọ̀ tí wọn kò wá sí ìdí ọparun mọ́, Ìdó-Ilé ni wọ́n ń kó lẹ́tà wa pamọ́ sí. Nítorí náà kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ kí ọkọ rẹ mọ èyí, kó má baà dá ọ lẹ́bi. Èmi nìkan ni mo ṣe é.

Ọmọ Bọ́látitó kú ní àgọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, wọn ò gbé e wálé. O mọ̀ pé a kì í sunkún irú òkú bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ là á dá. Bọ́látitó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wí pé òun dúpẹ́, òun dúpẹ́, òun dúpẹ́. Mo ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi. N kò tíì gbọ́ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo dìde, mo wọlé lọ bá Amudalat, mo gbé e lé èjìká. Ìyá rẹ ní, "Ìjerò ńkọ́?" Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó tẹ̀ lé mi, ó gbàgbé láti wọ bàtà.

Pápá ilé-ìwé ni Ọlátúndé wolé-wolé jókòó sí, ọjọ́ náà ló ń kó àpótí rẹ̀ kúrò nílùú. Àwọn èèyàn tò síbẹ̀, kálukú jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà tó kàn wá, Ọlátúndé gbójú sókè, ó rí i pé èmi ni. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti lé mi ní ilé yín pé ọmọ yín kọ́. N kò fẹ́ ẹjọ́. Ta ló ni ọmọ yìí?"

Mo ní, "Èmi ni mo ni ín." Mo sọ ọ́ sókè. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ gbọ́, kó má di pé mo sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ó bù ú. Ọmọ rẹ gé mi jẹ ní àtàǹpàkò. Ibà mú un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, apá rẹ̀ wú, ìyá rẹ kò sùn. Lẹ́yìn náà ó jinná. Ṣọ̀pọ̀ná wọ ilé Bọ́látitó lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ ilé tó kàn án, kò wọ tiwa. Mo ti wá dárúkọ rẹ̀, kó máa wò.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n yọ ọparun ni Bẹ̀llò dé. Wọ́n ti gbọ́ ní Ìjerò. Ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, kò pariwo bíi tàtijọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó fa Amudalat mọ́ra, ó gbé apá rẹ̀ wò.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ sọ ní gbangba pé ẹ̀yin lẹ ni ọmọ wa."

Mo ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Lọ́jọ́ náà, Bẹ̀llò, mo wá ẹlòmíràn tó ni ín, n kò rí."

Ó fi apá ọmọ náà sílẹ̀. Ó ní òun kò bínú, pé bó ṣe òun lòun wà nípò mi, bóyá òun ì bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹbí ti jókòó. Ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láti ìgbà tí kánsù ti gba ìpàdé láàyè, ọ̀rọ̀ tiwa ni. Wọ́n ní a kì í fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti pè é ní tirẹ̀. Wọ́n ní kó mú un bọ̀ ní Ìjerò. Kí ni n ó wí? Ọmọ wọn ni. Ìyá rẹ di ẹrù rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Bẹ̀llò gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi ọ̀já so ó mọ́ ara rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé gbogbo wa la jọ ń lọ. Ìgbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà ló tó mọ̀ pé a dúró. A ń gbọ́ igbe rẹ̀ títí wọ́n fi yí orí òkè.

Ó dùn mí, Nímọ́tà. N kò ní fi pamọ́ fún ọ. Ìyá rẹ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó tó gbólóhùn mẹ́ta láti ìgbà náà, kì í ṣe pé ó ń bínú, kò kàn rí nǹkan sọ ni. Ọjà ti ń ná. Ọkọ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde, àwọn èèyàn ń dì mọ́ra lójú títì. Gbogbo ìlú ló ti jáde. Èmi ni n kò rí ibi tí mo fẹ́ lọ.

Bàbá rẹ,
Hàrúnà.


Kùmásí,
1 oṣù kẹfà, 1964.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyá mi. Bàbá Amudalat náà kí yín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé àwọn dúpẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ sí ẹbí àwọn, pé Ìjerò ni ọmọ yóò wà títí àwọn yóò fi ráyè wá mú un lẹ́yìn Mọ́líìdì. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí. Wọ́n ti kà á, wọ́n ti jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìyókù tó wà nísàlẹ̀ yìí, tèmi ni.

Nígbà tí lẹ́tà yín dé, ìlà àkọ́kọ́ ni mo kà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní posófíìsì. Akọ̀wé sáré jáde, ó rò pé òkú ni. Mo ní rárá, ọmọ mi wà. N kò ka èyí tó kù títí mo fi délé. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, mo sunkún nítorí yín, nítorí ìyá mi tí kò wọ bàtà. Bàbá Amudalat náà kà á. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ẹ ti ní ẹ wá ẹlòmíràn tó ni ín tí ẹ ò rí, wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá nígbà tí àsìkò ìrun kò tíì tó.

Bàbá, ẹ ṣeun. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú èyí.

Mo ti fẹ́ra kù. Bí Ọlọ́run bá sọ̀ mí, bí mo bá já a lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ yín ni n ó gbé e wá, n ó sì sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ kí n tó bí i rárá, kí ẹ̀gbọ́n wọn náà gbọ́. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e lé yín lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá wá gbóná, bí wọ́n bá ti ọ̀nà, ẹ má kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ èmi, ẹ má béèrè lọ́wọ́ Ìjerò. Ẹ bù ú lápá. Bó bá jinná tán, kí ẹ wá kọ̀wé sí wa.

Ọmọ yín,
Nímọ́tà.